Gbogbo Ìjọ Ni A Kéde Fún, Kò Sí Ẹni Tí A Rán

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí Ìkórè ku ọ̀la, mo dé ọjà Yankaba kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kano mọ ọjà náà lójú ọ̀nà Hadejia: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ se oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í gbà lọ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni a ti fi ka ìkéde ní ìjọ kan ní Sabon Gari pé kí àwọn tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn pàdé ní Yankaba láti ra èlò ọbẹ̀. Obìnrin méjì péré ni mo bá. Ọ̀kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin, àpò àlùbọ́sà kan àti àpò tàtàṣé méjì wà níwájú wọn, wọ́n sì ń wá alábàárù tí yóò bá wọn kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní adaidaita sahu níhìn-ín.

Mo kí wọn, mo sì béèrè pé, "Mọ̀mí, àwọn yòókù ńkọ́?"

Ìyá àgbà náà nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìjọ ni a kéde fún, kò sí ẹni tí a rán."

Ojú tì mí, nítorí pé kì í ṣe ìkéde ni ó gbé èmi pàápàá dé ọjà. Ìyàwó mi ni ó jí mi, tí ó ní kí n lọ bá wọn gbé ẹrù. Mo ti gbọ́ ìkéde náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ṣe àmín sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju gbólóhùn ìyá yẹn lọ. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́ òpin tí ìnáwó ìjọ bá dé, ẹkún kan náà ni a máa ń gbọ́: kò sí ẹni tí yóò gbá ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò to àga, àwọn ìyá mẹ́ta ni ó ń dáná fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Àwọn àgbà ìjọ a sì máa sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò ṣe nǹkan mọ́ bí kò bá sí owó níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ àtiṣe kò tíì kú láàárín wa. Ọ̀nà tí a ń gbà pe ènìyàn ni kò dára.

Ẹ wò ó bí ọ̀kan nínú wa bá ṣaláìsí ní Sabon Gari. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé òkú relé, òmíràn ti gba owó jọ, àwọn obìnrin ti gbé omi kaná ní ilé olóòkú. Àwọn wọ̀nyí ni wọn kò wá sí Yankaba. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ní ti òkú, olúkúlùkù mọ ẹni tí òun ń lọ bá, ó mọ ohun tí ó kù tí òun lè ṣe, ó sì mọ̀ pé a ó wo ojú òun bí òun kò bá yọjú. Ní ti ìkéde, kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kọ́ ni ó wà.

Ògbufọ̀ ni mí ní ẹnu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ a sì máa dá mi dúró. Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà pe irú òṣìṣẹ́ yìí ní Yorùbá. Àwọn kan a pè é ní aṣiṣẹ́-láìgbowó. Orúkọ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí kò rí gbà ni ó ń sọ. Àwọn mìíràn a pè é ní olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, èyí sì jinlẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ó ni nǹkan ni ó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn Haúsá tí ó gbà wá lálejò ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn: aikin sa kai ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tí ènìyàn fi orí ara rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní gayya, iṣẹ́ tí a pe ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ láti ṣe. Láti ara rẹ̀ ni a ti mọ gayyata, tí í ṣe pé kí a pe ènìyàn wá. Èyí fi hàn pé ìyọ̀ǹda àti ìpè kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. A kì í fi ipá mú ẹni tí ń yọ̀ǹda ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a pè é.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ẹni tí oko rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí tí ó fẹ́ kọ́ ilé, a bẹ ọ̀wẹ̀. Kì í dúró sí ìta gbangba kí ó máa kígbe. Yóò ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò dá ọjọ́, yóò fi iṣẹ́ hàn wọ́n, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe àáró ní tiwọn mọ oko ẹni tí ó kàn lónìí àti ti ẹni tí yóò kàn lọ́la. Nínú àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ní orúkọ, ó ní ọjọ́, ó sì ní òpin. Ìwọ̀nyí gan-an ni ìkéde wa kò ní.

Ẹni tí ó bá ka ìwé Nehemáyà nínú Bíbélì yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. A ka orúkọ àwọn ènìyàn àti apá tí olúkúlùkù mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún ibi tí ó kọjú sí ilé tirẹ̀ ṣe. Kódà, ìwé náà kò fi í pamọ́ pé àwọn ọlọ́lá Tékóà kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Odi náà kò sì torí tiwọn dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano yìí kò tíì pẹ́. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ìfura tí ó gbilẹ̀, ó di ọdún 2004 kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkéde orí rédíò nìkan kò lè mú ìfura náà kúrò. Nígbà tí ó yá, a yan àwọn obìnrin láti inú àdúgbò tí wọ́n ń gbé, a sì fún wọn ní owó kékeré tí wọn yóò fi máa rìn. Àwọn ilé tí ó yí tiwọn ká ni wọ́n ń lọ, wọ́n mọ ìyá, wọ́n mọ ọmọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò àrùn náà ti abínibí kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ipa àwọn obìnrin tí ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn kò kéré níbẹ̀.

Ìdí kejì tí àwọn ènìyàn wa fi ń sá ni pé iṣẹ́ ìjọ kì í ní òpin. Ẹni tí ó bá dáná lẹ́ẹ̀kan ti di alásè títí ayé. Bí ó bá se é dáadáa, kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́; bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, gbogbo ìjọ ni yóò mọ̀. Oníṣòwò tí ó ti dúró ní ìsọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé ń rò ó pé bí òun bá na ìka kan, gbogbo apá ni wọn yóò fà lọ. Yínniyínni, kí ẹni lè ṣe mìíràn. Kí a sọ fún un pé láti agogo mẹ́fà sí agogo mẹ́sàn-án ni, kí a sì jẹ́ kí ó máa lọ bí ó bá di agogo mẹ́sàn-án.

Ìdí kẹta ni ó kan ọjọ́ iwájú wa jù lọ. A kì í fún àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kan bí kò ṣe àga gbígbé. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí àwọn apànìyàn ti kọlu àwọn tí ń jọ́sìn ní Yunifásítì Bayero ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́ ni a ń rí ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní ìlú yìí, tí wọ́n ń yẹ àpò wò nínú oòrùn nígbà tí àwa jókòó sábẹ́ fáànù. Bí wọ́n bá tó ẹni tí a lè fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́, ṣé wọn kò tó ẹni tí a lè fi àpò owó ọjà lé lọ́wọ́?

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, tí àwọn ará wa sì tẹ̀dó sí Sabon Gari, tí ìtumọ̀ rẹ̀ í ṣe ìlú tuntun, kò sí agbo ilé tí wọn yóò sá sí. Ìjọ ni ó di agbo ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ni a ń wò níta yìí, Yorùbá wọn lè máà dán mọ́nrán bíi tiwa, Haúsá wọn sì já gaara. Bí a kò bá fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ nísinsin yìí, ta ni yóò jogún rẹ̀? Ẹ rántí Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ni ó gbé ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ró níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn ìjọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ẹrù ńlá sì já lé àwọn díẹ̀ tí ó kù lórí. Kì í ṣe pé mo ń gbàdúrà ibi. Ohun tí mo ń wí ni pé iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ṣoṣo mọ̀, ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá kúrò ni ó parí.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìnáwó, ní ìjọ àti ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pẹ̀lú: ẹ pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó kéde rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ bá a ní ilé tàbí ní ìsọ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá yóò lè ṣe é. Bí ó bá ní rárá, ẹ má bínú, nítorí ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò tíì yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dọ́ kan ti àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bọ́ wọn, ẹ dárúkọ wọn, ẹ sì dá wọn sílẹ̀ ní àkókò.

Èmi náà dán an wò. Ní Ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọ̀dọ́ mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin kò wá, àwọn mẹ́ta wá. Ọ̀kan nínú wọn bá àwọn ọlọ́jà Yankaba ná ọjà ní Haúsá débi pé owó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìyá àgbà náà ní ìjókòó kẹta nínú ilé ìjọsìn, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ìwàásù ọjọ́ Ìkórè gbẹ̀yìn.