Àkísà Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa fi òwe yìí rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ni ó ń sọ. Ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bá ọ jiyàn lórí àkísà, nítorí mo rí i pé ìgbéraga lórí ohun kékeré yìí ń sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé di ẹni tí ń tọrọ jẹ.

Lọ sí Ọ̀jọ́, kí o gba Ìbà já sí Òkokomáíkò. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá ni àwọn tí ń ta òkìríkà pàtẹ sí, níbẹ̀ náà sì ni àwọn télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ṣa aṣọ, a sanwó, a sì wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n wí fún un pé kí ó mú abẹ́rẹ́, kí ó sọ ògbólógbòó aṣọ di ọjà títà, yóò bínú sí ọ. Yóò ní, “Ṣé nítorí kí n lè di aránṣọ ni bàbá mi ṣe ń sanwó ilé-ìwé?” Kò tijú àtiwọ aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ gbó, iṣẹ́ tí yóò sọ aṣọ náà di ọ̀tun ni ó ń tì í lójú. Irú ìtìjú wo nìyí?

Èmi náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí mo jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́, ọmọbìnrin kan gbé àpò ìwé kan wá, èyí tí ó fi ògbólógbòó ṣòkòtò kákí bàbá rẹ̀ rán. Àpò náà lágbára, ó sì ní ojú ibi tí a ń ki pẹ́ńsù bọ̀. N kò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo bá a wí lójú gbogbo ọmọ pé kí ó lọ ra àpò gidi. Kò gbé e wá mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi tí a fi ṣe olùkọ́ ni mo pa ọgbọ́n lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́ lónìí.

Bí o bá rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò lè gbé ènìyàn ga, wo ṣòkòtò jíǹsì tí o fẹ́ràn. Télọ̀ kan tí ń jẹ́ Jacob Davis, ní ìlú Reno ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣàkíyèsí pé àpò ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ tètè máa ń ya. Ó fi ìṣó bàbà kéékèèké kan àwọn igun àpò náà, wọn kò sì ya mọ́. Òun àti Levi Strauss, oníṣòwò tí ó máa ń ta aṣọ fún un, jọ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n náà ní ọdún 1873. Ibi tí aṣọ ti ń ya ni ó ti rí ọrọ̀. Ojú tí ó rí àléébù, tí ó sì wá àtúnṣe sí i, òun ni ojú oníṣòwò.

Ìwọ lè wí pé, “Ó dára, n ó ra béèlì òkìríkà kan, n ó sì bẹ̀rẹ̀.” Rọra, ọmọ mi. Òfin Nàìjíríà kò gba kíkó ògbólógbòó aṣọ wọlé láti ìlú mìíràn. Òwò tí a bá gbé ka ẹrù fàyàwọ́, ọjọ́ tí aṣọ́bodè bá dé ni yóò wó. Àkísà ilé wa ti tó wa lò. Ṣí àpótí ìyá rẹ wò: aṣọ ẹbí tí a rà fún ìgbéyàwó, tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mélòó ni ó wà níbẹ̀? Lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ ìgékù àǹkárá tí ó fẹ́ gbá dànù. A lè fi rán àpò, fìlà àti ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé àti gègé. Ká ní o gba ìgékù lọ́fẹ̀ẹ́, o ra òwú àti síìpù ní ₦700, o san ₦500 fún ẹni tí ó yá ọ ní ẹ̀rọ, o sì ta àpò kan ní ₦3,000. Èrè rẹ kì í ṣe ₦3,000 bí aláìmọ̀ṣirò ti ń rò, ₦1,800 ni. Bí ó bá sì gbà ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ₦600 péré ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ. Ìṣirò yìí ni yóò kọ́ ọ láti yára sí i, tàbí láti rán ohun tí ó níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì ṣe purọ́ fún oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe, sọ pé àtúnṣe ni.

N kò wí pé kí o fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ kẹ́mísírì ni yóò mọ ìdí tí aró fi ń ṣí. Ẹni tí ó kọ́ ìṣirò owó kì yóò jẹ èrè mọ́ owó ìpìlẹ̀. Ìwé àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí tí ó sì jókòó de iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí kò lè lẹ aṣọ ara rẹ̀, òun ni ó yẹ kí ojú tì. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, wá àkísà kan nínú ilé yín, kí o sì wò ó dáadáa kí o tó jù ú nù.