Ṣé mọ́tò yín ni wọ́n yẹ̀ wò ni, àbí ìwé lásán lẹ rà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí pigeonhole mọ́tò yín, kí ẹ kó ìwé tó wà níbẹ̀ jáde. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ á wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì á wà níbẹ̀, ìwé kẹta tí gbogbo wa ń pè ní roadworthiness náà á wà níbẹ̀. Ìwé kẹta yẹn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá lónìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti yẹ mọ́tò yín wò, ó sì yẹ kó máa rìn lójú títì. Ó dáa. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Níbo? Ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè dáhùn, kì í sì í ṣe pé a gbàgbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ya fọ́tò ìwé àtijọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì kan lórí WhatsApp, owó tẹ̀lé e, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìwé tuntun ti dé. Mọ́tò kò kúrò nínú kọ́ḿpáùndù. Bíréèkì tó ń ké bí ológbò láti oṣù tó kọjá, ó ṣì ń ké.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. A mọ bí Èkó ṣe rí. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìgbógbó kó tó lè débi iṣẹ́ ní Victoria Island, ọjọ́ wo ló fẹ́ ráyè lọ to ìlà ní ibùdó àyẹ̀wò? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Ìwé tí wọ́n tà fún yín láìrí mọ́tò yín, ohun tí ẹ fi í rà ni kí VIO má dá yín dúró. Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Tí kò bá tún wá sí nínú kọ̀ǹpútà ìjọba, tó jẹ́ pé ayédèrú ni, á jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ rí èyí tí ẹ sanwó fún rà.

Àwọn ìwé yìí máa ń lọ́ mọ́ra wọn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ jẹ́ ti MVAA, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ká má tan ara wa, owó tí ìjọba ń gbà ni: ẹ san, wọ́n fún yín. Ìnṣọ́ránsì third party, tó di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wà nítorí ẹlòmíì tí ẹ bá ṣèèṣì kọlù. Ẹ lè ṣe ìyẹn lórí fóònù, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni rí mọ́tò yín. Ti roadworthiness ló yàtọ̀. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn tí a mọ̀ sí VIO, ìyẹn Vehicle Inspection Service tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni iṣẹ́ náà. LACVIS sì ni ètò tí ìjọba àti aládàáni jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ṣe àyẹ̀wò dípò kí ẹnì kan kàn fojú wo mọ́tò, kó sì buwọ́ lùwé. Mọ́tò àdáni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi Corolla yín ṣe Bolt tàbí Uber látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mọ́tò yín kì í ṣe mọ́tò àdáni mọ́, ohun yòówù kí ìwé rẹ̀ wí.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ti bíréèkì ló wù mí jù. Wọ́n á wa ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò lé orí róólà irin tó ń yí lábẹ́ táyà. Wọ́n á tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ á sì sọ agbára tí táyà ọ̀tún fi mú, á tún sọ ti òsì lọ́tọ̀. Wọ́n á ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà. Mẹkáníìkì yín lè wa mọ́tò jáde lọ sí ìta, kó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, kó ní, "Ọ̀gá, ó ti mú." Òótọ́ ló sọ, ó mú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀tún bá ń mú ju òsì lọ, ẹ ò lè mọ̀ lórí eré 30. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì lórí eré 100 lọ́nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tí òjò ti rọ̀, ọjọ́ yẹn ni mọ́tò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tí kò sì ní bi yín léèrè kó tó lọ.

Pátákó irin kan tún wà nílẹ̀ tí wọ́n máa ń wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀, òun ló ń sọ bóyá táyà ń fà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ̀rọ kan ń gbọn mọ́tò láti mọ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó. Wọ́n á ki nǹkan bọ ẹnu sàlẹ́ńsà láti wọn májèlé tó wà nínú èéfín. Ẹnì kan á sì wà lábẹ́ mọ́tò, á máa wo ball joint, ọ̀pá ìdarí, irin tó ti dógùn-ún, àti ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Iná iwájú náà ń kọ́? Àpótí kan ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ láti mọ ibi tí ìtànṣán rẹ̀ dojú kọ. Ẹni tó bá ti wakọ̀ lálẹ́ rí láti Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú ti lọ ra gílóòbù LED tó funfun báláú, ó tàn án sí yín lójú, ẹ ò rí nǹkan kan mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bẹ́ẹ̀ típà elérùpẹ̀ kan lè dúró síwájú yín láìní iná ẹ̀yìn kankan.

Táyà wà lára ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa gbẹ̀yìn níbẹ̀. Tí ẹ bá rí 2319, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Kò kàn án pé ẹni tó ta á fún yín kùn ún dúdú, pé ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Nọ́ńbà yẹn kì í parọ́.

Àwọn kan á ní mò ń sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018 nígbà náà. Táńkà epo kan wà lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, bíréèkì kọ̀, ó ń fà sẹ́yìn, ó ṣubú, epo dà, iná sọ. Mọ́tò tó lé ní 50 ló jóná ráúráú. Ó kéré tán, ènìyàn 9 ló bá a lọ, àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú gosiló tí wọ́n ń ronú oúnjẹ alẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà lu bọ́ọ̀sì èrò mọ́lẹ̀. Ènìyàn 9 ló tún kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ẹ̀yìn irú nǹkan báyìí ni gbogbo wa máa ń kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀" sórí Facebook. Àmín. Ṣùgbọ́n bíréèkì táńkà, àti irin tó ń de kọ̀ǹténà mọ́ ẹ̀yìn tírélà, ohun tí ènìyàn lè yẹ̀ wò ni wọ́n.

Ibí yìí sì ni inú ti ń bí àwọn ará Ìkòròdú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní mọ́tò kékeré tó mọ́ tónítóní ni VIO máa ń dá dúró, torí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lówó lọ́wọ́, ó sì ń kánjú. Dáńfó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ okùn ni wọ́n fi so ó máa kọjá, olówó-ọ̀nà á juwọ́ sí i. Tírélà tó ń jáde láti àwọn iléeṣẹ́ Òdógúnyàn á kọjá. Típà elérùpẹ̀ á kọjá. Lọ́nà Ẹ̀pẹ́, láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, táńkà ló gba ojú títì, ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì í, kì í ṣe òun nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Tí ìjọba bá fẹ́ ká gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni àyẹ̀wò yìí, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ọkọ̀ wọn wúwo jù. Lójú tèmi, àwọn tó ń lo oṣù mẹ́fà ló yẹ kó máa bẹ̀rù VIO jù, kì í ṣe ọmọbìnrin tó ń wa Yaris lọ síbi iṣẹ́.

Ẹlòmíì á ní ọ̀nà gan-an ni kò yẹ fún mọ́tò, ta ló máa fún ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín ní roadworthiness tirẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Àmọ́ kòtò tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀kì yín lóṣooṣù kì í ṣe ìdí tí ẹ ò fi ní yẹ mọ́tò wò. Òun gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ju ẹni tó ń gbé ní ìlú tó lọ́nà tó tẹ́jú lọ.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Ní ọdún 2020, ìjọba Netherlands gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí mọ́tò àlòkù tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà láti ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún 16 sí 20, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ìwé àyẹ̀wò tó ṣì dáa ní ìlú wọn mọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mọ́tò tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn níwájú ilé ẹni tó tà á ni àwa ń fi ìpàdé mọ̀lẹ́bí àti àádọ́rin fọ́tò kí káàbọ̀ ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀, tó tún wá ra ìwé lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, kò tíì sí ẹni kankan tó yẹ mọ́tò yẹn wò láti ìgbà tó ti kúrò lọ́hùn-ún.

Tí ẹ bá ti wá pinnu láti lọ, kò le. LACVIS ní ibùdó ní Ìkòròdú, wọ́n sì ní ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ ò nílò láti wọ gosiló lọ sí Òjódù. Ẹ wá ibi tó sún mọ́ yín lórí ojú òpó LACVIS fúnra rẹ̀, ẹ má bi ọmọkùnrin tó dúró síta tó ń sọ pé òun lè bá yín "ṣe é kíákíá". Owó, ẹ san án síbi tí wọ́n ti máa fún yín ní rìsíìtì. Ẹ lọ láàárọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ mú ìwé ọkọ̀ dání. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì kí ẹ mọ̀ bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn, ẹ wo wáípà, ẹ wo fèrè, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà. Ó máa ń dunni kí gílóòbù kékeré fa ìjákulẹ̀.

Tí wọ́n bá sì já yín, ẹ má jà. Ìwé tí wọ́n máa kọ ohun tó bàjẹ́ sí yẹn ni ohun tó níye lórí jù ní gbogbo ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì, ẹ ní, "Bọ̀dá, ohun tó wà nínú ìwé yìí nìkan ni ká ṣe." Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan ló bàjẹ́, torí ẹnì kan fetí sí ẹ́ńjìnì, ó sì mi orí. Ẹ tún un ṣe, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ìjọba Èkó jí gbé láti ìlú ọba. Láti ọdún 1960 ni Britain ti ń ṣe àyẹ̀wò MOT tiwọn. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra àlòkù níbẹ̀ lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀, kó rí ọdún tó yege, ọdún tó feèlì, ohun tó fà á, àti iye máìlì tó ti rìn nígbà kọ̀ọ̀kan. LACVIS ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, àkọsílẹ̀ wà. Kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún wa. Kí èrò tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú Garage lè tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù kó tó jókòó, kó sì rí i bóyá bíréèkì rẹ̀ yege ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.