Bàálù Tó Kọ̀ Láti Balẹ̀

Ní Èjìgbò wa, ilé tí kò ní èèyàn ní Abidjan kò wọ́pọ̀. Àǹtí mi tó ń ṣòwò níbẹ̀ wálé láìpẹ́ yìí, ó sì búra pé òun kò ní wọ bàálù mọ́. Ó kù díẹ̀ kí tiwọn balẹ̀ ní Èkó nínú òjò, ló bá bú ramúramù, tó tún gbéra padà sókè. Awakọ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ ló kìlọ̀ fún òun nípa afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ atẹ́gùn tútù tó máa ń ṣáájú òjò, tó ń gbé eruku, tó sì ń ṣí páànù ilé. Láti inú òjò tó ṣú ló ti ń já wálẹ̀; bó bá kan ilẹ̀, a fọ́n káàkiri. Bàálù tó bá wọ inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pàdé afẹ́fẹ́ níwájú, bíi pé agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Láìpẹ́, afẹ́fẹ́ náà yóò máa ti ẹ̀yìn wá, apá bàálù kò sì ní rí ohun tí yóò gbé e dúró mọ́. Èyí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní windshear.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ ń gbà kìlọ̀. Àkọ́kọ́ ń fi ìyára bàálù nínú afẹ́fẹ́ wé bí bàálù fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn. Bí wọn kò bá bára mu, ohùn yóò ké lẹ́ẹ̀mẹta pé "Windshear!" Àmọ́ bàálù ti wà nínú ewu nígbà náà. Èkejì ni rédà tó wà ní imú bàálù, tó ń wo bí ẹ̀kán òjò ṣe ń sáré níwájú, tó sì ń kìlọ̀ kí bàálù tó débẹ̀.

Síbẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan kì í gbani. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ lo gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, kó sì gbé imú bàálù sókè níwọ̀n, kó má ṣe àṣejù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá nínú ìjì, ó ń lọ sí Sókótó. Ẹ̀rọ kìlọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí sọ pé awakọ̀ kò ṣe ohun tó yẹ. Èèyàn 96 nínú 105 ló kú, títí kan Sultan Muhammadu Maccido. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, bí òjò bá dá bàálù yín dúró, tàbí tó tún gbéra nígbà tó fẹ́ balẹ̀, ẹ má ṣe bú awakọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé èló ni tíkẹ́ẹ̀tì Abidjan báyìí.