Pápá Eré àti Ẹgbẹ́ Ìjiyàn Kì í Ṣe Ìfowóṣòfò

Bàbá tí ó ta kòkó kí ọmọ rẹ̀ lè wọ ilé-ìwé gíga, bí ó bá débẹ̀ lọ́sàn-án tí ó sì bá ọmọ náà lórí pápá, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ni òun fi owó òun rà. A kò ní bú u. Òógùn ni owó oko. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tí ń fẹ́ kí a pa eré àti ẹgbẹ́ ìjiyàn rẹ́, kí a fi gbogbo ọ̀sán kọ́ ìwé ìdánwò, àwọn ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Sẹptẹ́ńbà 1909 ni ìjọba Òyìnbó ṣí King's College ní Èkó. King's School ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ohun tí ìjọba ń wá kò ṣòro láti mọ̀: akọ̀wé fún ọ́fíìsì wọn, àti ìwọ̀nba díẹ̀ tí yóò lè wọ yunifásítì ní Ìlú Ọba. Kíríkẹ́ẹ̀tì, ilé-ilé tí a pín àwọn ọmọ sí, olórí tí a yàn láàrin wọn láti ṣàkóso ẹlẹgbẹ́ wọn, láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ wá. (Wọn kò kó ọkọ́ àti àdá mọ́ ọn, àléébù ni a ka èyí sí.)

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọmọ bí a ti ń darí ẹgbẹ́ kò lè bá a yan ẹgbẹ́ tí yóò darí. J. C. Vaughan wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó di dókítà, ó sì wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934. Ernest Ikoli àti H. O. Davies, tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé.

Ní 1944, nígbà ogun Hitler, a kó àwọn ọmọ King's College kúrò nínú ilé tí wọ́n ń sùn, a fi í fún àwọn sójà, a sì wá ibùgbé tí kò yẹ wọ́n fún wọn láàrin ìlú. Àwọn ọmọ náà kò gbà. Wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba mú àwọn aṣáájú wọn; mẹ́jọ ni a fi túláàsì kó sínú iṣẹ́ ológun, ọ̀kan nínú wọn sì kú síbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ni o, kì í ṣe ọ̀daràn! Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé síwájú àwọn àgbà, títí a fi dá NCNC sílẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Glover ní ọjọ́ 26 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún kan náà, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé.

Níbo ni ọmọdé ti ń kọ́ bí a ti ń pa ohùn pọ̀? Kì í ṣe nínú ìwé ìṣirò. Lórí pápá ni ó ti ń kọ́ láti gbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ìjiyàn ni ó ti ń kọ́ láti dìde níwájú ènìyàn, kí ó sọ tẹnu rẹ̀ láìgbọ̀n, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí alága bá lu agogo.

Ẹnìkan lè ní kí ni èrè ọmọ tí ó mọ eré tí kò yege? Òótọ́ ni, a kò ní kí a fi eré rọ́pò ìwé. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kọ́ ni ó ń mú ọmọ fìdí rẹmi. Láti 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ àgbẹ̀ kì í ṣe àlejò ní ilé-ìwé mọ́. Bí a bá fi ìdánwò nìkan kọ́ ọ, akọ̀wé ni yóò dà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba 1909 ti fẹ́. Ọmọ olówó, tí ẹnikẹ́ni kò gba pápá àti ìjiyàn lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò sì máa pàṣẹ fún un.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé àwọn òbí, ẹ má ṣe béèrè iye ọmọ tí ó yege nìkan. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ìjiyàn ń jókòó, àti bóyá àwọn ọmọ ni ó yan alága wọn tàbí olùkọ́ ni ó yàn án fún wọn. Ẹ sì béèrè ibi tí oko ilé-ìwé wà.