Àtúnṣe Tí Ń Fani Sẹ́yìn

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, èmi ni gbogbo ilé yíjú sí fún àwòrán rẹ̀. Èyí kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni mo ti sọ ara mi di olùtọ́jú àwòrán ìdílé wa. Èmi ni mo kó àwọn fọ́tò inú àpótí ìyá wa jáde, tí mo fi ẹ̀rọ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú kọ̀ǹpútà. Èmi náà ni mo ń gba èyí tí àwọn ọmọ wa bá yà níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ti lé ní 30,000. Mo kọ orúkọ sí wọn, mo kọ ọdún, mo kọ ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ rí bàbá wa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún tó jókòó tán, mo ti fà á yọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ikú ẹ̀gbọ́n mi, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tọ́jú àwọn àwòrán náà sọ fún mi pé ẹ̀dà òun tuntun ti dé, pé ó yá ju ti àtijọ́ lọ, ó sì gbọ́n jù ú lọ. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà mi ti di ìgbín. Bí mo bá pe àwòrán kan, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún kí ó tó yọjú, yóò sì kọ́kọ́ rí bàìbàì bí ohun tí a ń wò láàárín ìkùukùu. Fáànù inú ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin. Onítẹ̀wé tí yóò bá wa tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ń pè mí ní wákàtí wákàtí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àwòrán Màmá la ń dúró dè.” Mo ní, “Àbúrò, ó ń bọ̀, ẹ̀rọ ló ń ronú.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kí ó yára rò ó.” Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ náà sì tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun àga, ó fi fóònù ya fọ́tò ìyá rẹ̀ tí ó wà nínú férémù lára ògiri. Òun ni a tẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fóònù náà hàn lórí dígí, ó gba iwájú orí olóògbé kọjá bí ojú àpá. Ẹ̀dà 500 ni a tẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní àpá náà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò yìí. Èsì wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ̀rọ yín ti gbó, ẹ ra tuntun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní arúgbó yìí, àná òde yìí ló ń sáré. Kò ṣubú, kò bọ́ sómi. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ohun tí àwọn fúnra wọn kó wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní mo gbé agbádá mi fún télọ̀ pé kí ó bá mi tún ọrùn rẹ̀ ṣe, tí mo gbé e wọ̀ tí apá rẹ̀ fún mi pinpin, tí télọ̀ wá ń wí fún mi pé apá mi ló sanra. Ta ni yóò gbà fún un? Ṣùgbọ́n ní ti kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ ni à ń gbà, a tún ń tọrọ àforíjì pé apá wa sanra lóòótọ́.

Orúkọ náà gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà. Àtúnṣe ni wọ́n ní kí a máa pè é. Nínú èdè wa, ohun tó bàjẹ́, tàbí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ni à ń tún ṣe. Ẹni tó ni nǹkan ní í sì í pe alátùn-únṣe. Bí àjèjì bá wọ ilé mi ní òru, tí ó wó ògiri kan, tí ó mọ òmíràn, tí ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ, kò sí ẹni tí yóò ní ó tún ilé mi ṣe, bí ó ti wù kí ògiri tuntun náà máa dán tó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ? Ètò tí ń tọ́jú àwòrán ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibùgbé àwòrán kọ̀ọ̀kan sí. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, yóò kọ́kọ́ tún gbogbo ìwé yìí kọ ní ìlànà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn àwòrán kéékèèké tí a fi ń dá àwọn ńlá mọ̀, láti orí èkíní títí kan èyí tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń dá ojú ènìyàn mọ̀, yóò máa wo gbogbo ojú tó wà nínú gbogbo àwòrán, kí ó lè mọ ẹni tó jọ ẹni. Lórí ẹ̀rọ bíi tèmi, ọjọ́ mélòó kan ni iṣẹ́ yìí gbà, abẹ́lẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́. (Nígbà tí ó parí tirẹ̀, ó kó ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá wa àgbà pọ̀, ó ń bi mí bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n. Yétúndé ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Títí di òní, n kò tí ì dá a lóhùn.)

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú mi nìkan ló rí irú rẹ̀. Ẹ wo Lightroom tí ilé-iṣẹ́ Adobe ṣe, tí àwọn ayàwòrán káàkiri ayé ti ń lò láti ọdún 2007. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde. Ó mú agbára láti dá ojú mọ̀ wá, ó sì mú ọ̀nà tuntun kan wá tí ń pín iṣẹ́ fún èròjà tí ń bójú tó àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo nǹkan lè yá kánkán. Lórí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìgbà tí wọ́n pa ohun ìyára yìí ni iṣẹ́ wọn tó yá. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n yí ojú ibi tí a ń gbà kó àwòrán wọlé padà, wọ́n yọ àwọn ohun tí ó ti mọ́ àwọn àgbà ayàwòrán lára kúrò, wọ́n ní kí ó lè rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ètò náà sì ń dákú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ariwo ta. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Tom Hogarty, tí ètò náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n dá ojú àtijọ́ padà. Ní ọdún 2017, ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà tún jáde láti gbà pé ìlọ́ra ètò náà ń fẹ́ àmójútó, kí wọ́n tó gbé èyí tí wọ́n ní ó yá jù ú lọ jáde ní oṣù kẹwàá. Mo yìn wọ́n pé wọ́n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tiwa ló gbó, kí ni wọ́n ń jẹ́wọ́ sí?

Niklaus Wirth, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó dá èdè Pascal sílẹ̀, tí ó sì kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024, ti kọ àpilẹ̀kọ lórí àìsàn yìí láti ọdún 1995: pé bí ẹ̀rọ ti ń yára sí i ni ètò tí a ń kó sínú rẹ̀ ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọn kò gbà á nítorí pé àìsàn náà ń mú owó wọlé. Lightroom 6 yìí ló gbẹ̀yìn nínú èyí tí ènìyàn lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó di tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 2017 parí, wọ́n ṣíwọ́ lórí rẹ̀, ó di owó oṣooṣù. Ẹni tí ń gba owó oṣooṣù gbọ́dọ̀ máa fi ohun tuntun hàn oníbàárà, ì báà ṣe pé oníbàárà bẹ̀ ẹ́ tàbí kò bẹ̀ ẹ́. Ti Apple kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé Aperture jáde fún àwọn ayàwòrán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014 wọ́n ní àwọn kò ṣe é mọ́. Nígbà tí ètò ìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ti ọdún 2019 dé, kò tilẹ̀ jẹ́ kí Aperture ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ gbàgbé ètò tí ó ti fi kọ orúkọ sí àwòrán rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn kan yóò sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Òótọ́ ni. Kámẹ́rà tuntun a máa mú irú fáìlì tí ètò àtijọ́ kò lè kà wá, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò sì sùn. Ṣùgbọ́n babaláwo kì í jí ọ̀pẹ̀lẹ̀ àná kó nígbà tí ó bá ń dífá tòní. Kí ni ìwọ̀n imú ìyá mi àgbà ní í ṣe pẹ̀lú olè orí íntánẹ́ẹ̀tì? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di oògùn àti májèlé sínú ewé kan náà ni, kí ẹni tó fẹ́ ọ̀kan má baà lè kọ èkejì.

Mo sì mọ̀ pé a óò rí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín pé nítorí fọ́tò lásán-làsàn ni mo ṣe ń pariwo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí fọ́tò jẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1978 pé ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, ayàwòrán yóò ya èyí tó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán náà ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, èyí tó wà láàyè yóò wọ aṣọ èyí tó kú, wọn yóò tún un yà. Iṣẹ́ ère ìbejì ni fọ́tò náà ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe irú èyí kò fi àwòrán ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a jẹ́ ọmọ wọn.

Ẹrù àìsàn yìí kò sì wúwo fún gbogbo ayé bákan náà. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ń lo ẹ̀rọ tó yára jù lọ́jà, iná kì í lọ nílé rẹ̀. Àwa ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ta ló sì kọ́kọ́ ní tòkunbọ̀ náà? Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ẹni kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí àtúnṣe ti sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di ìgbín, tí wọ́n ní kí ó lọ ra tuntun. Nígbà tí ó bá dé ọwọ́ wa, irú àtúnṣe kan náà á tún tẹ̀ lé e wá, a óò sì fi epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà olówó iyebíye bọ́ ọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n sọ irú ẹ̀rọ tí nǹkan náà ń fẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n bi mí kí wọ́n tó máa ka ojú àwọn ènìyàn mi. Pàtàkì jù lọ, kí wọ́n fi ojú ọ̀nà tí a ó gbà padà hàn wá, kí wọ́n má fi í pamọ́ bí ẹni ń fi oògùn pamọ́. Nítorí ọ̀nà ìpadà wà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa fi hàn mí pé ètò náà kò fọwọ́ kan ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, pé tuntun ni ó kọ, tí ó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ sínú àpò kan tí n kì í ṣí. Ó bá mi wá ẹ̀dà ètò ti tẹ́lẹ̀, ó gbé e padà sórí ẹ̀rọ náà, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó mí, wọ́n ti tò sílẹ̀ lójú mi: ó wọ gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo ti fi èyí tí ó ti ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí onítẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, fún ìwé ìrántí ọdún kan.