ỌTA ỌDẸ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N

Òǹkàwé wa kan ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, béèrè bí ó bá yẹ kí ọdẹ máa wọn ọta kí ó tó kì í sínú ìbọn, nítorí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó yẹ gidigidi. Kí ó fi àwọn ẹlẹ́rìn-ín sílẹ̀.

Ojú ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń ṣa ọta, ojú a sì máa tan ni. Ọta òjé roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12 a máa wọ̀n tó gíráàmù 10. Ti irin tí ó tóbi bákan náà a máa wọ̀n tó 7. Ẹni tí ó bá ń lo ẹ̀tù kan náà fún méjèèjì kò lè mọ ibi tí yóò bà. Èyí tí ó wúwo a máa há agbára ẹ̀tù mọ́ inú ìbọn. Bí ìbọn bá sì ti gbó, ó lè là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ó dì í mú.

Bí òjé nìkan ni ó ń lò ńkọ́? Kí ó wọ̀n wọ́n síbẹ̀. Ọta tí a dà nílé, tí ó sì fúyẹ́ ju àwọn ìyókù lọ, a máa ní ihò nínú, èyí tí ojú kò lè rí. Bí ihò náà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọta kì yóò lọ tààrà. Kí ó fi ọta kan tí ó dára sí apá kan òṣùwọ̀n, kí ó máa gbé àwọn ìyókù sí apá kejì lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tí ó bá fò sókè, kí ó dá a padà fún yíyọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi odindi ọjọ́ kan ṣe é, nítorí inú ṣakabùlà jọ̀lọ̀, kò ní ìlà yíyí bí ti ìbọn rífù, ìyàtọ̀ bíńtín kò sì já mọ́ nǹkan níbẹ̀. (Àwọn Èkìtì Parapọ̀ tí wọ́n rí ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn gbà nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, bọ́ lọ́wọ́ làálàá yìí, ilé iṣẹ́ ni ó ti di ọta wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀tù.)

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí. Májèlé ni òjé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, eruku òjé láti inú òkúta góòlù tí a ń lọ̀ ní àdúgbò ilé pa ọmọdé tí ó tó 400. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yọ́ òjé nínú ìkòkò ọbẹ̀, tàbí níbi tí ọmọ wà. Ẹran ìgbẹ́ tí ọta bà, ẹ gé ojú ọgbẹ́ náà àti àyíká rẹ̀ dànù, nítorí òjé a máa fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran. Kí baba wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ. Òṣùwọ̀n tí ó fi wọn ọta kò sì gbọdọ̀ padà sídìí iyọ̀ àti ata mọ́.