Orin adùn, iṣẹ́ ìyà: Ohun tójú àwọn olórin alárìnkiri rí ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń gbọ́ orin blues lónìí, tó ń mi orí, tó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, àfàìmọ̀ kó má rò pé ìgbádùn ló bí i. Irọ́ ni o! Ìyà ló bí i, ojú irin ló sì ti dàgbà. Àwọn tó gbé e káàkiri apá gúúsù Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1900 sí 1930, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n. Ohun tójú wọn rí kọjá àfẹnusọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Ẹgbẹ́ òṣèré ńlá máa ń ní ọkọ̀ ojú irin tiẹ̀, tí wọ́n á so mọ́ ìdí rélùwéè tó bá ń lọ. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Kì í ṣe fáàrí rárá. Òtẹ́ẹ̀lì àtilé oúnjẹ àwọn òyìnbó ò gba aláwọ̀ dúdú láyè nígbà yẹn. Láti ọdún 1896 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, kí dúdú wà lọ́tọ̀, kí funfun wà lọ́tọ̀.

Tí wọ́n bá dé ìlú kan, kò sí ìsinmi. Lọ́sàn-án gangan, àwọn afọnfèrè àtonílù á wọṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á yí ìlú ká káwọn èèyàn lè mọ̀ pé òde wà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún lu ìlù ọ̀fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí èrò lè sanwó wọlé. Alẹ́ leré gan-an. Ẹni tó fọn fèrè lọ́sàn-án lè tún jó lálẹ́, kó sì tún ṣe aláwàdà. Tí èrò bá ti túká, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ó tún dìlú mìíràn.

Èló wá lowó ẹ̀? Ọdún 1896 ni W. C. Handy, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní baba blues, wọ ẹgbẹ́ Mahara's Minstrels. Dọ́là 6 lọ́sẹ̀ àti oúnjẹ ni wọ́n fi gbà á. Iṣẹ́ erin, ìjẹ ẹ̀lírí!

Nínú ìwé ìtàn ayé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1941, Handy ní táwọn bá ti ń kọjá nílùú Orange, ní Texas, ńṣe làwọn ará ibẹ̀ máa ń yìnbọn lu ọkọ̀ àwọn. Eré ni wọ́n fi í ṣe. Nígbà tí olóde tún kọ lu ẹgbẹ́ náà ní Texas yìí kan náà, wọ́n ní bí ẹyọ ẹnì kan bá tún kó o, àwọn á dáná sun ọkọ̀ wọn. Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé iná la fi ń wo aláìsàn ni?

Ti Louis Wright ló tún wá burú jù. Trombone ló ń fọn nínú ẹgbẹ́ Georgia Minstrels ti Richards àti Pringle. Ní February 1902, wọ́n dé New Madrid, ní Missouri. Àwọn òyìnbó kan ń ju yìnyín lu àwọn òṣèré, Wright ò lè mú un mọ́ra, ó fèsì. Bọ́rọ̀ ṣe dìjà nìyẹn, tó dìbọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Àwọn òṣèré ni wọ́n kó sátìmọ́lé. Ibẹ̀ làwọn jàǹdùkú ti wá mú Wright, wọ́n so ó rọ̀ títí tó fi kú. Ẹ̀sùn wo? Pé dúdú la ẹnu.

Àmọ́ àwọn èèyàn yìí ò tìtorí ẹ̀ sá. Lọ́dún 1900 ni Pat Chappelle, aláwọ̀ dúdú ará Jacksonville ní Florida, ti dá Rabbit's Foot Company sílẹ̀. Dúdú ló ni ín, dúdú ló ń ṣeré níbẹ̀. Ọkùnrin náà kú lọ́dún 1911. Nígbà tó di 1912, F. S. Wolcott, òyìnbó, rà á. Dúdú ṣì ń jó, ṣùgbọ́n àpò tówó ń wọ̀ ti yí padà.

Ọdún 1912 yìí náà ni Bessie Smith, ọmọ Chattanooga ní Tennessee, wọ ẹgbẹ́ kan tí Ma Rainey, ìlúmọ̀ọ́ká olórin, wà. Ijó ni wọ́n gbà á fún, kì í ṣe orin! Nígbà tó di 1923, iléeṣẹ́ Columbia ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ jáde. Lọ́dún 1925, ó ra ọkọ̀ ojú irin tara ẹ̀. Ní July 1927, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan fẹ́ wó àgọ́ eré ẹ̀ ní Concord, ní North Carolina. Obìnrin bí ọkùnrin ni Bessie. Ó jáde lọ bá wọn, ó bú wọn bí ẹni láyin, wọ́n sá lọ. Ó padà wọlé, ó ń bá orin ẹ̀ lọ.

Ràdíò, sinimá tó ń sọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé tó dojú dé lọ́dún 1929 ló ba ọjà wọn jẹ́. Jàǹbá ọkọ̀ pa Bessie ní Mississippi lọ́dún 1937. Ọdún 1970 ni sàréè ẹ̀ tó ní òkúta orúkọ, nígbà tí Janis Joplin, olórin òyìnbó, àti Juanita Green, tó bá Bessie ṣiṣẹ́ ilé nígbà tó wà lọ́mọdé, jọ sanwó ẹ̀.

Ọdún 33 gbáko! Àwọn tó ta rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ jèrè, àwọn tó jó sí i gbádùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jó lóde lọ́jọ́ Sátidé yìí, tí olórin bá kọrin tán, ẹ rọra bi í: ṣé wọ́n ti sanwó fún un?